Àwo Kejì Tó Hù

Mílílítà méjì péré ni Oyèdìran fà nínú òògùn ọmọ rẹ̀, síbẹ̀ ó ń bojú wẹ̀yìn bí ọmọ tó ń jí ẹran nínú ìkòkò ọbẹ̀ ìyàwó bàbá rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, nínú oṣù kẹta ọdún 1997, nílé ìyá ìyàwó rẹ̀ ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun. Ìyá náà wà ní ṣọ́ọ̀bù tó wà lójúde, ó ń wọn ṣúgà fún oníbàárà. Dọlápọ̀sí, ọmọ ọdún méjì, sùn sórí ẹní nínú yàrá, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ìró kékeré kan sì ń bá a jáde bíi ti ìgbà tí èèyàn bá ń fi èékánná họ páálí. Orí pẹpẹ ni ìgò òògùn wà. Oyèdìran ti síríńjì bọ ẹnu ìgò náà, ó fà á, ó dé ìgò padà, ó wá jókòó ti ọmọ náà fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó dọ̀bálẹ̀ kí àna rẹ̀ pé ó dìgbà, ó sì gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà sí Ìlọ́bù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá ni wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìlọ́bù. Dókítà gbé etí lé e láyà, ó ní òtútù àyà ni. Ó kọ ampisílíìnì olómi fún un: ṣíbí kan lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, fún ọjọ́ méje, ìgò méjì. Ìyẹ̀fun gbígbẹ ló máa ń wà nínú ìgò bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá ń tà á. Omi tí a ti sè tó sì ti tutù ni a fi ń pò ó. Tèmilọlá ìyàwó rẹ̀ ló ra méjèèjì l'Óṣogbo, níbi tó ti ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì kan. Wọ́n po ìgò kìn-ín-ní láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kí wọ́n tó gbé ọmọ lọ sí Ìfọ́n, wọ́n fi ìyẹ̀fun ti ìkejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí pé ìdájí ni Tèmilọlá ń wọ ọkọ̀ Òṣogbo, tí ìrọ̀lẹ́ sì ni í dé, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni ọmọ ń wà láàárín ọ̀sẹ̀. Ìyá Kùmásí ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá náà, torí pé Kùmásí ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń tajà kí wọ́n tó lé àlejò kúrò ní Gánà lọ́dún 1969.

Kí ló wá dé tí olùkọ́ bayọ́lọ́jì fi ń jí òògùn ọmọ rẹ̀? Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Matthew ló fà á. Wọ́n jọ ka ìwé ní yunifásítì, Matthew sì ti wà ní ìlú òyìnbó báyìí tó ń kàwé sí i. Ó fi ẹrù kékeré kan ránṣẹ́. Bakitéríà wà nínú ẹrù náà, nínú ìgò kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ti sọ di aláìlágbára títí kò fi lè gbé inú èèyàn mọ́. Túùbù kan tún wà níbẹ̀ tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, òrùka DNA ló wà nínú tirẹ̀. Bakitéríà tó bá rí òrùka náà gbé mì yóò mọ bí wọ́n ṣe ń fọ́ ampisílíìnì sí wẹ́wẹ́ kó tó di pé ampisílíìnì pa á. Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ń ṣe é nínú kíláàsì. Oyèdìran kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ti ṣe é rí ní agbègbè tirẹ̀, ìyẹn kò sì jẹ́ kó rí oorun sùn.

“Ampisílíìnì nìkan ni n ò fi sí i,” ni Matthew kọ sínú lẹ́tà. “Ìyẹn kún ilé yín.”

Kò kún ilé wọn. Oyèdìran wá èyí tí wọ́n ń gún ní abẹ́rẹ́ káàkiri ṣọ́ọ̀bù olóògùn ní Ìlọ́bù, ó dé Ìfọ́n, ó dé Ẹ̀rìn, oníhóró nìkan ló rí, kò sì mọ ohun mìíràn tí wọ́n lọ̀ mọ́ ọn nínú hóró kọ̀ọ̀kan. Bakitéríà náà sì ti pẹ́ lójú ọ̀nà. Bí ọ̀sẹ̀ yìí bá kọjá, ó lè kú dànù. Ìgbà tó ń ka ara ìgò òògùn Dọlápọ̀sí ló rí i: mílígíráàmù márùndínlọ́gbọ̀n nínú mílílítà kan. Iye tí Matthew kọ sínú lẹ́tà gẹ́lẹ́. Láti kékeré, bí ìṣirò bá ti bára mu báyìí, ńṣe ló máa ń fa Oyèdìran bí òórùn ẹran díndín. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ìgò náà kún fún ọgọ́rùn-ún mílílítà, kí ni méjì fẹ́ bù kù nínú rẹ̀?

Ilé-ìwé tó ti ń kọ́ni wà láàárín Ìlọ́bù àti Ìfọ́n, lórí ilẹ̀ tí o kò lè bi èèyàn méjì léèrè pé ti ta ni kí wọ́n má bá ara wọn jà. Ọmọ ìlú méjèèjì ló ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà níbẹ̀. Ní Ọjọ́rú, ó kó ọmọ tó dà bí ẹgbẹ̀rún méjì lójú rẹ̀ — mẹ́rìnlélógún péré ni wọ́n — yí tábìlì láàbù ká, ó ní kí wọ́n pín ara wọn sí ọ̀nà mẹ́fà. Wọ́n ti se àgà, oúnjẹ bakitéríà tó máa ń dì bí ẹ̀kọ tútù. Ó kìlọ̀ fún wọn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da ampisílíìnì sí i nígbà tó bá ṣì gbóná, torí ooru ń pa òògùn náà. Sàrátù, ọmọbìnrin kan tó máa ń béèrè ìbéèrè títí agogo yóò fi lù, ló gbé ìgò àgà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí ó fi ní ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àwo mẹ́ta. Wọn kò fi òògùn sínú àgà àwo kìn-ín-ní. Bakitéríà lásán ni wọn yóò fọ́n sí i, yóò sì hù. Àwo kejì ní òògùn, bakitéríà lásán náà ni wọn yóò fọ́n sí i, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ pá bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Àwo kẹta náà ní òògùn, ṣùgbọ́n bakitéríà tí wọ́n ti fún ní òrùka DNA ni tirẹ̀: bó bá ṣe pé díẹ̀ nínú wọn gbé òrùka náà mì, àmì funfun díẹ̀díẹ̀ yóò yọ níbẹ̀. Wọ́n ki túùbù bọ inú yìnyín, wọ́n yọ ọ́, wọ́n tì í bọ inú omi tó gbóná dé ìwọ̀n méjìlélógójì fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, wọ́n tún dá a padà sínú yìnyín. Oyèdìran ṣàlàyé pé ìjayà òtútù àti ooru yẹn ló ń ṣí ara bakitéríà sílẹ̀ tí òrùka fi ń rí ọ̀nà wọlé.

“Sà,” ni Sódìq wí láti ẹ̀yìn, “kòkòrò ti wọ sẹ́kọ́ńdírì nìyẹn. Ó kù kí wọ́n rán yunifọ́ọ̀mù fún un.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Sàrátù kò rẹ́rìn-ín. Ó bi í pé bí èyí tó ti kọ́ bí a ṣe ń ṣẹ́gun òògùn bá wá jáde síta ńkọ́. Oyèdìran dá a lóhùn pé aláìlágbára ni, pé bílíìṣì ni wọn yóò fi pa gbogbo rẹ̀ bí wọ́n bá ti ṣe tán. Ohùn rẹ̀ dúró ṣinṣin nígbà tó ń sọ ọ́. Inú àpótí tí olùkọ́ ọ̀gbìn fi ń pa ẹyin adìẹ, tó ń fi àtùpà mú gbóná, ni wọ́n to àwo wọn sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyin mọ́kànlá.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó ṣí àpótí náà lójú gbogbo wọn.

Àwo kìn-ín-ní hù. Ìkẹta hù, kì í ṣe ní àmì díẹ̀díẹ̀, ó bò ó látìhín dé ọ̀hún bí ògì tó dà sílẹ̀. Àwo kejì, èyí tó yẹ kó pá, hù bíi tiwọn. Ó gbé ti ẹgbẹ́ kejì, ó hù. Ti ẹ̀kẹta, ó hù. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà hù.

Ó bi Sàrátù bóyá àgà náà tutù lóòótọ́. Sàrátù fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà lè jẹ́rìí. Ọmọ kan ní bóyá wọ́n ṣi àwo kọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà pé ẹgbẹ́ mẹ́fà ló ṣi í kọ bákan náà? Ó rò ó bóyá bakitéríà náà ti mọ bí a ṣe ń fọ́ òògùn kó tó kúrò lọ́dọ̀ Matthew. Matthew kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó máa ń wọn iyọ̀ kó tó fi sí ẹyin.

Sàrátù ló sọ ọ́, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. “Sà, bí ẹni tó yẹ kó kú kò bá kú, a jẹ́ pé ẹni tó yẹ kó pa á ló ti kú.”

Oyèdìran wo síríńjì tó wà lórí tábìlì. Bí òògùn inú síríńjì náà bá ti kú, inú ìgò kan náà ló ti wá. Ìgò tí wọ́n ń rọ sí Dọlápọ̀sí lẹ́nu lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, láti ọjọ́ márùn-ún. Tèmilọlá ti sọ fún un lálẹ́ àná pé ibà náà ń lọ, ó sì ń padà, ó sì ti dá a lóhùn pé òògùn kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan.

Ó ní kí Sàrátù da bílíìṣì sí gbogbo àwo náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ lásán kàn án. Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé, ó sì fò sórí kẹ̀kẹ́.

Bó ṣe ń wa kẹ̀kẹ́ lọ, ìdáhùn kan ṣoṣo ló ń yí lórí rẹ̀ bíi táyà: ayédèrú ni. Ẹni tó tà á fún Tèmilọlá l'Óṣogbo ti rọ ẹfun sínú ìgò. Ó ti ń to ọ̀rọ̀ tí yóò sọ fún ẹni náà. Lẹ́yìn náà ló rántí pé òun kò lè sọ bí òun ṣe mọ̀ láìjẹ́wọ́ olè tí òun jà, inú tó ń bí i sì wá dàpọ̀ mọ́ ìtìjú.

Ìyá Kùmásí rí òógùn lójú rẹ̀, ó béèrè bóyá wọ́n tún ti ń jà níbi ààlà ni. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní rárá o, Màmá, ọmọ ni òun wá wò. Dọlápọ̀sí kò sùn, kò sì jí. Ihò imú rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé. Oyèdìran yọ aago ọwọ́ rẹ̀, ó ka èémí ọmọ náà: ìgbà méjìléláàádọ́ta ní ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó kọjá ogójì. Ó tún un kà, ó bá mẹ́rìnléláàádọ́ta pàdé.

Ó gbé ìgò òògùn, ó fi í síwájú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ó kù díẹ̀ nísàlẹ̀. Ó sọ fún ìyá ìyàwó rẹ̀ pé òun fura sí òògùn náà, pé òun fẹ́ gbé e padà lọ bá ẹni tó tà á l'Óṣogbo.

“L'Óṣogbo, nínú oòrùn yìí?” Ó gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀. “Ṣe sùúrù, ọkọ mi. Láti àárọ̀ ni mo ti gbé e kaná. Jẹ́ kí n tún un gbé kaná kó tó di pé ó kan lójú ọ̀nà.”

Oyèdìran kọ́kọ́ rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. Ó tẹ̀lé e dé ẹ̀yìnkùlé. Ìkòkò àgbo ibà ọmọ wà lórí àdògán, ó ń rú, ìyá náà sì rọra gbé ìgò ampisílíìnì kalẹ̀ sínú agolo omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kó ẹ̀yinná jọ sí ìdí rẹ̀. Ìdí agolo náà ti dúdú. Kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Kò sí ilé tí wọ́n ti ń se àgbo tí wọn kì í gbé e kaná láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Àgbo tí a kò bá gbé kaná á kan, àgbo tó bá ti kan á di májèlé. Oyèdìran mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun náà fi ẹnu ara rẹ̀ mu àgbo dàgbà. Ìyá náà kò ní fíríìjì, wọ́n sì ti sọ fún un pé òògùn tí a ti pò lè bàjẹ́. Ó ti fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣọ́ ọ kí ó má bàjẹ́.

“Màmá,” ni Oyèdìran wí, “ṣé ó máa ń hó?”

“Ta ló ń gbé nǹkan kaná tí kò ní hó? N kì í fi ṣeré. Lójúmọ́, lẹ́ẹ̀mejì, láti ọjọ́ Àìkú.” Ó bojú wẹ̀yìn wò ó. “Lọ́dún tí wọ́n lé wa, àkọ́bí mi gba ibà lójú ọ̀nà. Òkúta mẹ́ta ni mo tò sẹ́bàá títì tí mo fi ń gbé àgbo rẹ̀ kaná títí a fi délé. Ó ń bẹ láyé.”

Oyèdìran sún mọ́ àdògán. Ó kúnlẹ̀. Ó ní òògùn òyìnbó yìí kò dà bí àgbo, pé iná máa ń pa á, pé ohun tí wọ́n kọ sára ìgò ni pé ibi tútù ni kí ó máa wà. Ìyá Kùmásí kò kàwé. Ó wo ìgò inú agolo, ó wo Oyèdìran, ó tún wo ìgò. Ó bu omi sí ẹ̀yinná, gbogbo rẹ̀ kú lẹ́ẹ̀kan.

“Lọ wá ọlọ́kadà,” ló wí. “Mo ń gbé ọmọ bọ̀.”

Wọ́n dé ilé ìwòsàn ní Ìlọ́bù, ọmọ wà lẹ́yìn ìyá àgbà. Rísíkátù, nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ki ìwọ̀n ìgbóná sí ọmọ lábíyá, ó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ láìsọ fún wọn. Dókítà náà gbọ́ àyà, ó pẹ́ níbẹ̀ ju ti ìgbà àkọ́kọ́ lọ. Ó béèrè bóyá wọ́n ń lo òògùn déédéé, Oyèdìran ní wọ́n ń lò ó.

“Ó burú díẹ̀ nígbà náà,” ni dókítà wí. “Ọjọ́ márùn-ún lórí ampisílíìnì, tí àyà rẹ̀ tún wá burú jù báyìí, a jẹ́ pé kòkòrò tó wà níbẹ̀ ju òògùn yẹn lọ. Èyí tó lè pa irú rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ mi. Ẹ máa gbé e lọ sí Ifẹ̀ lónìí, kí ẹ tètè.” Ó fa bébà sọ́dọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà.

Oyèdìran wo gègé tó ń sáré lórí bébà. Dókítà ń ṣi àdììtú náà tú, torí pé ohun tó yẹ kó mọ̀ kò sí níwájú rẹ̀. Kòkòrò tó wà láyà ọmọ kò tíì bá òògùn pàdé rí. Bí wọ́n bá gbé ọmọ tó ń mí báyìí jókòó sínú ọkọ̀ lọ sí Ifẹ̀, bí táyà bá lọ fọ́ lójú ọ̀nà ńkọ́? Ṣùgbọ́n ìyá ìyàwó rẹ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ará Ìfọ́n láàárín àwọn ará Ìlọ́bù, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jáde sì ni pé obìnrin yìí ló ba òògùn jẹ́. Gègé dókítà ti dé ìlà kẹta.

“Dókítà, ẹ dúró ná.” Ìyá Kùmásí ti wólẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, ọmọ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. “Ọmọ yìí kò lo òògùn kankan. Èmi ni mo ń sè é. Láàárọ̀, nírọ̀lẹ́. Ẹ má pe kòkòrò yẹn ní alágbára.”

Nọ́ọ̀sì Rísíkátù bú sẹ́rìn-ín kó tó mọ̀. “Ẹ sè é bí àgbo? Ẹ̀yin ará Ìfọ́n yìí náà! Ẹ ò bá kúkú bu iyọ̀ sí i.”

Ìyá náà kàn tún ọ̀já ọmọ so. Oyèdìran sì gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó ń ga ju bó ṣe fẹ́ lọ.

“Nọ́ọ̀sì, ará Ìlọ́bù lèmi, mo sì jí nínú rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Mo fà á pamọ́ fún ìyá yìí, mo gbé e lọ kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé lẹ́kọ̀ọ́. Ohun tó yẹ kí òògùn náà pa kò kú. Bí mo ṣe mọ̀ pé ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìyá yìí fi iná ṣọ́ ọ, èmi ni mo jí i.”

Ìyá Kùmásí rọra yí ojú sí i. Dókítà gbé gègé kalẹ̀. Ó bi Oyèdìran ní ìbéèrè kúkúrú mẹ́ta nípa bakitéríà inú àwo, ó gbọ́ èsì rẹ̀, ó sì fa lẹ́tà náà ya.

“A jẹ́ pé a kò tíì bẹ̀rẹ̀,” ló wí. “Abẹ́rẹ́ ampisílíìnì kan náà la ó fún un níbí, láti òní dé àárọ̀ ọ̀túnla. Bí mímí rẹ̀ kò bá rọlẹ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ ó lọ sí Ifẹ̀. Bó bá rọlẹ̀, ẹ ó po ìgò kejì, ẹ ó sì fi í síbi tútù.”

Àkókò tó tẹ̀lé e gùn. Tèmilọlá dé láti Òṣogbo, wọ́n ro gbogbo rẹ̀ fún un, láti ìgbà náà kò sì bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Bó bá fẹ́ omi lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló ń sọ fún. Oyèdìran jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú aago lọ́wọ́, ó ń ka èémí. Àádọ́ta. Méjìléláàádọ́ta. Mọ́kàndínláàádọ́ta. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kò sí iye tó dúró sójú kan, ó sì ń kọ wọ́n sẹ́yìn páálí ṣúgà títí Ìyá Kùmásí fi gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí ó sinmi, pé kíkà kọ́ ni yóò wo ọmọ sàn. Ohun tó tún sọ lẹ́yìn ìyẹn rọlẹ̀ débi pé Oyèdìran nìkan ló gbọ́ ọ.

“Bó o bá tún fẹ́ nǹkan nínú ilé mi, máa tọrọ rẹ̀.”

“Mo gbọ́, Màmá.”

“Èmi náà, bí mo bá fẹ́ gbé nǹkan kaná, màá bi ọ́ kí n tó gbé e.”

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ogójì ni iye tí Oyèdìran kà. Kò gba ara rẹ̀ gbọ́, ó tún un kà, ó bá méjìdínlógójì pàdé. Kó tó sọ fún ẹnikẹ́ni, Nọ́ọ̀sì Rísíkátù wọlé pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn. Bí ọmọ náà ṣe rí abẹ́rẹ́, ó fa ẹsẹ̀ padà, ó la ẹnu, ó sì ké, igbe gígùn kan tó kún yàrá tó sì dé ojú títì.

Tèmilọlá fẹ́ gbé e mọ́ra, ó ń sọ fún un pé kó dákẹ́. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Fi í sílẹ̀, kó ké,” ni Ìyá Kùmásí wí. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ ọmọ rẹ̀, ó sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta. “Èémí ló fi ń ké yẹn.”